Bí àwọn obìnrin ṣe di lọ́yà ní Nàìjíríà, àti ibi tí ọ̀nà ṣì ti há

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra fún Adájọ́ Kudirat Kékeré-Ẹkùn láti di Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, lẹ́yìn tí obìnrin náà ti ṣe adelé ipò ọ̀hún fún oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀, láti ìgbà tí Adájọ́ Olúkáyọ̀dé Aríwóọlá ti fẹ̀yìn tì. Òun ni obìnrin kejì tó jókòó sórí àga náà. Ẹni àkọ́kọ́ ni Adájọ́ Aloma Mariam Mukhtar, ọmọ Kano, tó dé ibẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2012. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i, ó sì yẹ kí inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ òfin kan náà, Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, kò tíì ní ju obìnrin kan ṣoṣo lọ rí gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ìyẹn sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sí obìnrin tó di mínísítà fún ètò ìdájọ́ tó tún jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀, láti ìgbà tí a ti gba òmìnira. Báwo ni àga tó ga jù lọ ní kóòtù ṣe gba obìnrin lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọn àga wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, ìdáhùn wà nínú ọ̀nà tí àwọn obìnrin gbà wọlé sínú iṣẹ́ náà, àti nínú ìlànà tí wọ́n fi ń yan ènìyàn sí ipò kọ̀ọ̀kan.

Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Èkó. Ní gbogbo ìgbà tí òyìnbó fi ń ṣàkóso wa, ọ̀nà tó dájú tí ọmọ Nàìjíríà fi lè di lọ́yà ni kí ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Bírítéènì, kí ó forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé agbẹjọ́rò mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Inner Temple, Middle Temple, Lincoln's Inn àti Gray's Inn, kí ó kàwé, kí ó máa jẹ iye oúnjẹ alẹ́ tí ìlànà là kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà ilé náà, kí wọ́n tó fún un ní àṣẹ láti dúró níwájú adájọ́. Ọ̀nà yìí ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sierra Leone, tọ̀ tó fi di agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọdún 1879. Àwọn ọmọkùnrin Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọbìnrin kò lè tẹ̀lé e, kódà bí bàbá wọn lówó, nítorí pé ẹnu ọ̀nà Lọ́ńdọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ wà ní títì pa mọ́ àwọn obìnrin, àti funfun àti dúdú.

Ìgbà kan wà tí àwọn ọmọbìnrin òyìnbó kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ní ọdún 1913, Gwyneth Bebb, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Oxford, pe ẹgbẹ́ tó ń forúkọ àwọn agbẹjọ́rò sílẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò wọn. Ilé ẹjọ́ sọ pé òfin ọdún 1843 tó dárúkọ ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà kò ní obìnrin lọ́kàn, nítorí pé kò sí obìnrin tó ṣe é rí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ẹ wo irú àlàyé bẹ́ẹ̀: ẹ kò ṣe é rí, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ogun Àgbáyé Kìíní ló wá yí nǹkan padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1919, ìjọba Bírítéènì ṣe òfin tó sọ pé jíjẹ́ obìnrin kò gbọ́dọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Helena Normanton sì wọlé sí Middle Temple. Ní 1922, Ivy Williams di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba àṣẹ agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ilẹ̀kùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe ṣí ni ti Èkó náà ṣí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní Èkó ṣe òfin kankan nípa rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ wa ni Stella Jane Thomas. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1906. Bàbá rẹ̀, Peter John Claudius Thomas, jẹ́ oníṣòwò ńlá tí orírun rẹ̀ jẹ́ Sierra Leone, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó. Ilé tó lówó, tó sì gbàgbọ́ nínú ìwé ni. Ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin Stella, Peter, ló wà lára àwọn adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ òfurufú fún ọmọ ogun ojú òfurufú Bírítéènì nígbà ogun Hitler, arákùnrin rẹ̀ mìíràn sì di adájọ́ àgbà ní agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn. Freetown ni Stella ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kí ó tó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Middle Temple kan náà tí Normanton wọ̀ lòun náà wọ̀, ní 1933 ni wọ́n sì fún un ní àṣẹ, ó di obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di agbẹjọ́rò.

Kì í ṣe ìwé nìkan ló gbájú mọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ dá sílẹ̀ ní 1925, ó sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn aláwọ̀dúdú tí dókítà Harold Moody ṣáájú fún ní 1931. Ní 1934, nígbà tí Margery Perham, onímọ̀ tí ìjọba amúnisìn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ka ìwé rẹ̀ lórí ìṣàkóso tí òyìnbó ń gba ọwọ́ àwọn ọba ṣe, Stella Thomas dìde láàárín àwùjọ, ó sì ta ko ètò náà. Ìtakò yìí bá ọ̀rọ̀ tí à ń sọ mu ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Kí òyìnbó tó dé, ìyálóde àti ìyálọ́jà máa ń parí ìjà, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ gbèsè àti ọjà, wọ́n sì ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ètò yẹn, àwọn ọba àti ìjòyè ọkùnrin ni wọ́n kó síbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń dájọ́ lábẹ́ àtíbàbà ọjà lánàá di ẹni tó ń jókòó sí ẹ̀yìn kóòtù lónìí.

Nígbà tí Stella Thomas padà sí Èkó, ó ṣí ọ́fíìsì sí òpópónà Kákáwà, ó ń gba ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn, ti ilẹ̀, ti ìdílé. Kò tó ọdún mẹ́wàá tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi sọ ọ́ di adájọ́ májísíréètì ní 1943, obìnrin àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí ìgbésẹ̀ yẹn, nítorí pé òun ni àwọn tó tẹ̀lé e náà gbé: láti ọ́fíìsì lọ́yà tó ń dúró de oníbàárà, sí iṣẹ́ ìjọba tó ní owó oṣù àti àtẹ̀gùn ìgbéga.

Àwọn tó tẹ̀lé e kò pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí òfin tó dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Owó ló dí wọn lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó ilé, owó Inn, oúnjẹ ọdún mẹ́ta ní ìlú òtútù, bàbá tó bá ní owó tó lè rán ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wo àkọ́bí ọkùnrin. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá rán lọ sókè òkun nígbà náà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní kó lọ kọ́. Nínú àwọn díẹ̀ tó kọjá lẹ́yìn ogun ni Módúpẹ́ Omo-Eboh, ọmọ ìdílé Akingbehin. Ní àwọn ọdún 1950 ló gba àṣẹ agbẹjọ́rò, ó ṣe májísíréètì, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, ní ọdún 1969 ó sì di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 36 ló wà láàárín obìnrin àkọ́kọ́ tó gba àṣẹ láti rojọ́ àti obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó ní ilé ẹjọ́ gíga láti gbọ́ ọ.

Ohun tó wá sọ díẹ̀ di púpọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ òfin wá sílé. Yunifásítì Nsukka bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òfin ní 1961, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria tẹ̀lé e ní 1962. Ní oṣù Kìíní ọdún 1963, Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà ṣí ilẹ̀kùn ní Ìgbóṣeré ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ péré. Láti ìgbà yẹn, ọmọbìnrin olùkọ́ tàbí ti alájàpá, tí kò ní ìdílé bíi ti Thomas lẹ́yìn, lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ifẹ̀ kí ó sì padà wá di lọ́yà. Ní 1964, àwọn obìnrin agbẹjọ́rò ti pọ̀ tó láti dá ẹ̀ka FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò lágbàáyé, sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí àwọn ìyá tí ọkọ kọ̀ láti gbọ́ bùkátà ọmọ mọ̀ dáadáa títí di òní. Jadesọlá Akande di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Nàìjíríà, ó sì di gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1989. Kékeré-Ẹkùn fúnra rẹ̀, tó jáde ní Yunifásítì Èkó ní 1980 tó sì gba àṣẹ agbẹjọ́rò ní 1981, jẹ́ ọ̀kan nínú èso ilẹ̀kùn tó ṣí ní ilé yìí.

Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ẹni tí kò bá rí oríta náà yóò máa ka orúkọ 'obìnrin àkọ́kọ́' lásán ni.

Ọ̀nà kan ni ti àwọn adájọ́. Bí májísíréètì bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó lè di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, bó bá sì pẹ́ níbẹ̀ tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń fẹ̀yìn tì, yóò di ẹni tó dàgbà jù. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé bí àyè Adájọ́ Àgbà bá ṣófo, adájọ́ tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ààrẹ fi ṣe adelé, bákan náà ni gómìnà ní ìpínlẹ̀. Ní ti yíyan ẹni tí yóò di ipò náà mú gan-an, òfin kò fi dandan lé e, àmọ́ àṣà ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n sábà ń tẹ̀ lé. Èkó ni ẹ ti lè rí iṣẹ́ àṣà yìí kedere. Rosaline Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ di adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ náà ní 1995, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe é níbẹ̀. Ibitọ́lá Sótúmínú dé ibẹ̀ ní 2001. Láti 2009 títí di 2019, obìnrin mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn láìsí ọkùnrin láàárín: Inúmidùn Akande, Ayọ̀túndé Phillips, Olúwafúnmiláyọ̀ Atilade àti Ọpẹ́yẹmí Òkè. Ọmọ ìyá ni Phillips àti Atilade, nítorí náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì ní 2014, àbúrò ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí pé àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin ti gba kóòtù Èkó. Kò sí ẹni tó gba nǹkan kan. Ìlà ni wọ́n tò sí, ìlà sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìlà kan náà ló gbé Mukhtar dé òkè. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Àríwá tó di lọ́yà, ó di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Kano, ó wọ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 1987, ó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2005, nígbà tí kò tíì sí obìnrin kankan níbẹ̀. Olúfúnlọ́lá Adékẹ́yẹ tẹ̀lé e ní 2009, Mary Odili ní 2011, Clara Ògúnbíyìí ní 2012, Kékeré-Ẹkùn ní 2013.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tó dúró síwájú adájọ́, kò sì sí ìlà níbẹ̀. Ẹ wo ìtàn Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1932, bàbá rẹ̀ sì ni Jacob Odùláte, apòògùn tó pe ara rẹ̀ ní Blessed Jacob, ẹni tó ṣe Alábúkún. Ọkùnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára páálí ìyẹ̀fun orí fífọ́ tí ó wà ní gbogbo ìsọ̀ ìlú ni. Ìmọ̀ Látìn àti ìṣirò ni ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gboyè nínú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ń ṣe olùkọ́ kí ó tó yí sí òfin, ní 1963 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà ní Ìbàdàn. Ó di kọmíṣọ́nnà ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1972, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1981 ó di Agbẹjọ́rò Àgbà Nàìjíríà, oyè tí a ń pè ní SAN, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní 1975 pẹ̀lú Rótìmí Williams àti Graham-Douglas. Obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ ṣẹ́dà tí àwọn SAN ń wọ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí ẹnì kejì, Phoebe Ajayi-Obe, tó tẹ̀lé e ní 1989. Lónìí àwọn obìnrin tó ní oyè náà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, síbẹ̀ ní ọdọọdún tí wọ́n bá gbé orúkọ tuntun jáde, ọkùnrin ló ń kún inú rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí fún ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Láti gba SAN, lọ́yà gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì kó ìdájọ́ àwọn ẹjọ́ tó fúnra rẹ̀ ṣe kalẹ̀, láti ilé ẹjọ́ gíga títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹjọ́ kan lè gba ogún ọdún kí ó tó dé ibẹ̀. Oníbàárà ló ń yan ẹni tí yóò gbé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ tàbí ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́, òun sì lè wọ ọ́fíìsì kí ó bá obìnrin lórí àga, kí ó béèrè pé ọ̀gá ńkọ́. Àwọn ọdún tí ẹjọ́ ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ lọ́yà ọkùnrin, ìyẹn láàárín ọgbọ̀n ọdún sí ogójì, ni ọmọ wà lẹ́yìn obìnrin. Ẹjọ́ tí wọ́n bá sún sí Sókótó tàbí Port Harcourt kì í dúró de ọmọ ọmú. Nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn yí sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, sí iṣẹ́ akọ̀wé ilé iṣẹ́, sí báńkì, tàbí sí kóòtù gẹ́gẹ́ bíi májísíréètì. Èyí ló fà á tí kóòtù fi kún fún obìnrin tí ìjókòó iwájú àwọn SAN kò fi kún. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn obìnrin fẹ́ràn iṣẹ́ adájọ́ ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ni ó gba ilẹ̀kùn kejì, a kò lè mọ èyí tí ì bá fẹ́ràn.

Ìlà pàápàá máa ń já nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2012, Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo wá sí Abuja pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ṣe ìbúra fún ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n búra fún àwọn yòókù, wọ́n yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò. Ìpín ìpínlẹ̀ Abia ni wọ́n fi yàn án, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti wá tí òun náà sì ti ń ṣe adájọ́. Àwọn kan kọ̀wé ẹ̀sùn pé ọmọ Anambra ni. Ẹni tó kọ̀ láti búra fún un lọ́jọ́ yẹn ni Aloma Mukhtar, obìnrin àkọ́kọ́ tó di Adájọ́ Àgbà, kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé orí àga. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà dá sí i, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin pariwo, wọ́n sì padà wá búra fún un. Ní ọdún 2020, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Cross River: Adájọ́ Akon Ikpeme ló dàgbà jù, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí i nítorí pé Akwa Ibom ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Cross River ni ọkọ rẹ̀, tí Akwa Ibom fúnra rẹ̀ sì wà lára Cross River títí di 1987. Ọdún 2021 ni wọ́n tó gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ mú. Ìlànà pípín ipò ìjọba àpapọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ ka obìnrin tó lọ́kọ sí ọmọ ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ lè sọ pé ó ti lọ sílé ọkọ, ìpínlẹ̀ ọkọ lè sọ pé àlejò ni. Adájọ́ ọkùnrin kò ní ìṣòro yìí, ibikíbi tí ì báà ti fẹ́yàwó. Apá 42 ìwé òfin 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni du ẹ̀tọ́ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti sọ ìpínlẹ̀ tí obìnrin tó lọ́kọ lè pè ní tirẹ̀.

Ó tún kù síbì kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọn kò jẹ́ kí ọmọbìnrin kan tó jáde ní Yunifásítì Ìlọrin wọ gbọ̀ngàn ní Abuja lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àṣẹ agbẹjọ́rò, nítorí pé ó wọ híjáàbù sábẹ́ wíìgì. Oṣù Keje ọdún 2018 ni wọ́n tó fún un ní tirẹ̀, pẹ̀lú híjáàbù lórí rẹ̀. Ariyanjiyàn náà gbóná láàárín àwọn lọ́yà fúnra wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ní ti ẹgbẹ́ NBA, Priscilla Kúyẹ̀ ló ṣe ààrẹ rẹ̀ láti 1991 sí 1992, ní ìgbà ìjọba ológun. Ìpàdé ọdọọdún tó wáyé ní Port Harcourt ní 1992 parí sí rúkèrúdò, ẹgbẹ́ náà kò sì ní olórí ní orílẹ̀-èdè títí di 1998. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún un tò, kò tíì sí obìnrin mìíràn. Fúnkẹ́ Adékọ̀yà, SAN, díje ní 2014, ó pàdánù fún Augustine Alegeh. Nígbà náà, àwọn aṣojú láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé bí gbogbo lọ́yà bá lè dìbò, nǹkan yóò yàtọ̀. Láti 2016, gbogbo lọ́yà tó ti san owó ọdún rẹ̀ ló lè dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé rẹ̀. Ọkùnrin ló wọlé ní 2016, ní 2018, ní 2020, ní 2022 àti ní 2024. Ìbò ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n olùdíje ṣì ní láti rin gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà káàkiri Nàìjíríà, kí ó náwó, kí ó sì ní àwọn àgbà lọ́yà tí yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, púpọ̀ nínú irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ SAN.